Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá: SAT, Early Decision àti ilé Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ ìdílé kan ní Maryland

Ọmọbìnrin ni ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kíláàsì kọkànlá ló wà ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Prince George's County, Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí gan-an. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Bàbá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ó ń bójú tó òwò rẹ̀. Ìgbéyàwó wọn ò tú, ọ̀nà ló kàn jìn. Ọmọ fẹ́ ka báyọ́lọ́jì kó lè lọ ka ìṣègùn lẹ́yìn rẹ̀. A to ìdílé yìí jọ fún àpẹẹrẹ, kò sí ẹni tá a ń bá wí, àmọ́ ọjọ́ ìdánwò àti òfin tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ti gidi, ti àwọn ọmọ tó kọ fọ́ọ̀mù ní ìparí ọdún 2025.

Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nígbà tọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ò ju méjì lọ: èsì PSAT, ìdánwò ìgbaradì fún SAT tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń yan ọmọ, àti ìmọ̀ràn tí àgbà kan nínú ìjọ fún ìyá. "Ẹ ní kó kọ Early Decision sí Johns Hopkins, mà. Wọ́n máa ń tètè gba àwọn tó bá kọ ọ́."

Ìmọ̀ràn yẹn ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n àgbà ò sọ ìyókù. Ìlérí ni Early Decision. Ọmọ á buwọ́ lù ú, òbí á buwọ́ lù ú, kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé, ìyẹn olùdámọ̀ràn àwọn ọmọ, náà á buwọ́ lù ú, pé bí wọ́n bá gbà á, ó ń lọ, á sì yọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yòókù. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lèèyàn lè kọ irú rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Early Action yàtọ̀: èsì á tètè dé, ọmọ á sì ní títí di ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún kó tó dáhùn. Harvard, Yale, Princeton àti Stanford ní ẹ̀yà tiwọn tí kò de ọmọ mọ́lẹ̀, àmọ́ tó ká a lọ́wọ́ kò lórí ibòmíràn tó lè kọ fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ sí. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni gbèdéke ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, tó fi mọ́ Hopkins àti University of Maryland ní College Park.

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ìdílé ti máa ka oṣù padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódìkejì: wọ́n á forúkọ SAT sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ ọmọ bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n á wá rí i lóṣù kẹwàá pé èsì tí wọ́n ń retí ò ní tètè dé. Ní 2025, SAT oṣù kọkànlá bọ́ sí ọjọ́ 8, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn gbèdéke. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣì ń gba èsì ìdánwò oṣù kọkànlá fún fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, àwọn kan kì í gbà á, kò sì bọ́gbọ́n mu kéèyàn fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sórí "bóyá". Èyí tó dájú kẹ́yìn ni ti ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́jọ́ 17. Ká tún lọ sẹ́yìn: ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, ọjọ́ 8 oṣù kẹta. Ti oṣù karùn-ún ò wúlò fún ọmọ yìí, nítorí Sátidé tó ṣáájú ìdánwò AP, ti àwọn ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe nílé-ìwé girama, ni, AP méjì ló sì ní lọ́rùn. Wọ́n mú oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti oṣù kẹjọ, wọ́n fi oṣù kẹwàá pamọ́ bí ó bá di dandan. $68 ni ìdánwò kan. Ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré lè gba ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ kánsẹ́lọ̀, tó fún ọmọ ní SAT méjì lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì tún ń bá a dín owó fọ́ọ̀mù kù ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Owó nọ́ọ̀sì ti ju ìyẹn lọ.

Èsì PSAT oṣù kẹwàá 2024 jẹ́ 1160 nínú 1520: 550 ní kíkà àti kíkọ, 610 ní ìṣirò. Ìyá ti gbọ́ pé PSAT máa ń mú owó wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ètò National Merit ló ń lò ó, ṣùgbọ́n ìṣirò tiwọn yàtọ̀: wọ́n á fi 2 lọ́po máàkì kíkà àti kíkọ, wọ́n á ro ti ìṣirò mọ́ ọn, wọ́n á fi 10 pín in. Ti ọmọ yìí jẹ́ 171. 228 ni òkè rẹ̀, ọmọ Maryland sì nílò ohun tó lé ní 220 kó tó dé ipò Semifinalist. Nítorí náà, a pa ọ̀rọ̀ National Merit tì. Àǹfààní PSAT fún wọn ni pé ó fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn.

Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo SAT wà báyìí, nínú áàpù Bluebook. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 14 ni, ìsinmi ìṣẹ́jú 10 wà láàárín. Kíkà àti kíkọ ní abala méjì, ìbéèrè 27 ní ìṣẹ́jú 32 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò náà ní abala méjì, ìbéèrè 22 ní ìṣẹ́jú 35. Abala kìíní ló ń pinnu irú abala kejì tí ọmọ máa rí: bó bá ṣe dáadáa, èyí tó le ló máa yọ sí i, bí kò bá ṣe dáadáa, èyí tó rọrùn ni, ẹni tó bá sì bọ́ sínú èyí tó rọrùn ò lè dé òkè mọ́, bó ti wù kó gbà tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ èyí. Wọ́n á sáré lórí abala kìíní bíi pé ìmúra lásán ni.

Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta, ó gba 590 àti 660, àròpọ̀ 1250. Láti ìgbà náà, ìdánwò àṣedánrawò inú Bluebook ni wọ́n ń lò, ọ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe lójoojúmọ́, nítorí wọn ò pọ̀, ẹni tó bá sì jó gbogbo wọn tán láàárín oṣù kan ò ní ohun tó máa fi wọn ara rẹ̀ mọ́. Láàárín wọn, ìkànnì ẹ̀kọ́ Khan Academy ló ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé kan wà lórí tábìlì tí ó ń kọ gbogbo ìbéèrè tó bá gbé sí: irú ìbéèrè, ohun tó mú, ìdí tó fi mú un. Lẹ́yìn ìdánwò àṣedánrawò méjì, ìwé náà ti fọhùn. Nínú ìbéèrè 19 tó gbé ní kíkà àti kíkọ, 11 jẹ́ ti àmì ìdánudúró àti gírámà, pàápàá ibi tó ti fi kọ́mà so gbólóhùn odidi méjì pọ̀ níbi tó yẹ kó fi ààmì ìdánudúró tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó le, tí gbogbo èèyàn ń fi káàdì há sórí, mẹ́ta péré ló gbé níbẹ̀. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, oṣù méjì ni ì bá fi máa há ọ̀rọ̀ sórí.

Ìtò ìbéèrè inú abala kíkà àti kíkọ ò yí padà: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, òye àyọkà tẹ̀ lé e, gírámà tẹ̀ lé ìyẹn, àtúntò gbólóhùn ló kẹ́yìn. Nítorí náà ọmọ tó ń lọ́ra kàwé lè fo àwọn àyọkà tó gùn, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gírámà, tó sábà máa ń wà lẹ́yìn àárín abala, kó kó máàkì tó yá jọ, kó tó padà. Kò sí ìyọkúrò fún ìdáhùn tó kùnà, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí èyí tí ó máa fi sílẹ̀ lófo.

Ní ti ìṣirò, Desmos ló yí nǹkan padà. Ẹ̀rọ ìṣirò tó ń yàwòrán ni, inú Bluebook gan-an ló wà. Ẹ wo irú ìbéèrè yìí: *y = x² − 4x + c* àti *y = 3* pàdé ní ojú kan ṣoṣo; kí ni c? Lọ́wọ́, ọmọ á so wọ́n pọ̀, á lo dìsìkírímínáǹtì, 16 − 4(c − 3) = 0, c á jáde ní 7. Lórí Desmos, ó kọ méjèèjì, ó jẹ́ kí c di ohun tí a ń fà sọ́tùn-ún sósì, ó fà á títí ìlà méjèèjì fi kan ara wọn ní ibì kan. Ìṣẹ́jú àáyá ogún. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ tó bá gbára lé fífà nìkan á há nígbà tí ìbéèrè bá ní kó fi lẹ́tà dáhùn, láìsí nọ́ńbà kankan. Ọ̀nà méjèèjì ló yẹ kó mọ̀.

Oṣù kẹfà: 610 àti 730. Oṣù kẹjọ: 680 àti 720. Ìṣirò rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kíkà gòkè. Ọ̀pọ̀ yunifásítì, Hopkins àti Maryland pẹ̀lú, ń mú èyí tó ga jù ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà 680 àti 730 ni tirẹ̀, 1410. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Georgetown, fún àpẹẹrẹ, fẹ́ rí gbogbo èsì tí ọmọ ti gbà. Ó tún gbìyànjú ACT kan, ìdánwò mìíràn tí wọ́n ń gbà dípò SAT, nílé lóṣù karùn-ún, ó rí i pé kò sàn jù, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹjọ yẹn tó yẹ ká dúró lé lórí, nítorí àwọn ọmọ Yorùbá ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Oluwafunmilayo ló wà lórí páálí Social Security, tí nọ́ńbà ìjọba Amẹ́ríkà wà lórí rẹ̀, àti pásípọ́ọ̀tù. Funmilayo ló wà nílé-ìwé. Funmi ló fi ṣí àkáǹtì SAT nígbà tó wà ní kíláàsì kẹsàn-án. Orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ìdánwò gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Lóṣù kẹta àti oṣù kẹfà, káàdì ilé-ìwé ló mú dání, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ṣàánú rẹ̀. Lóṣù kẹjọ, pásípọ́ọ̀tù ló mú lọ, ó sì kù díẹ̀ kó má wọlé. Àbùkù kejì ń bọ̀ lẹ́yìn: bí èsì bá dé yunifásítì lórúkọ Funmi, tí fọ́ọ̀mù dé lórúkọ Oluwafunmilayo, tí ìwé máàkì ilé-ìwé dé lórúkọ Funmilayo, fáìlì lè di mẹ́ta, kí wọ́n sì kọ̀wé pé fọ́ọ̀mù ò pé. FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, tiẹ̀ le jù: ohun tó bá wà lórí páálí Social Security ni kó wà níbẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ mú orúkọ orí páálí yẹn, kí ẹ fi ṣe gbogbo nǹkan láti kíláàsì kẹsàn-án, ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé tún tiwọn ṣe. Common App, fọ́ọ̀mù kan náà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà, ní àyè fún orúkọ mìíràn tí ọmọ ń jẹ́. Ibẹ̀ ni kí Funmi wà.

Wàyí o, owó.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú un ní dandan láti 2011 pé kí gbogbo yunifásítì tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba ní ẹ̀rọ ìṣirò kan lórí ìkànnì wọn, Net Price Calculator, tó ń fojú bu iye tí ìdílé máa san lẹ́yìn ìrànwọ́. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìdílé lọ kó tó di pé ẹnikẹ́ni buwọ́ lu Early Decision. Ìyá ṣe ti Hopkins nínú oṣù keje, ó fi owó oṣù tirẹ̀ nìkan sí i, iye tó jáde sì dùn mọ́ ọn. Hopkins lówó ìrànwọ́ lóòótọ́. Láti ìgbà tí Michael Bloomberg fún wọn ní $1.8 bílíọ̀nù ní 2018, wọn kì í wo agbára ìdílé láti fi gba ọmọ, wọ́n sì yọ ẹ̀yáwó kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá ti gbàgbé Ìbàdàn.

Tọkọtaya ni wọ́n, ibi yòówù kí ọ̀kan máa gbé. Nítorí pé ìyá ń dá sanwó orí ní Amẹ́ríkà, FAFSA ń bèèrè bàbá lọ́tọ̀. Bàbá gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀ ní studentaid.gov, ó sì lè ṣí i láìní nọ́ńbà Social Security. Ó gbọ́dọ̀ wọlé fúnra rẹ̀, kó tẹ ibi tó ti fọwọ́ sí i pé òun gbà. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ọmọ ò ní rí ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà, kódà bí bàbá ò bá ti san kọ́bọ̀ owó orí ní Amẹ́ríkà rí. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà yẹn lè rí i pé wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi ìwé ìdánimọ̀ ránṣẹ́, ìyẹn sì ń gba àkókò. Kí bàbá ṣí àkáǹtì lóṣù kẹjọ ló dáa. Kò dáa kó jẹ́ alẹ́ ọjọ́ gbèdéke, nígbà tí iná lọ ní Ìbàdàn.

Ohun kejì ni ilé. Ilé tí ìdílé ń gbé ò sí nínú ohun ìní tí FAFSA ń kà. Ilé mìíràn wà nínú rẹ̀, ibi yòówù kó wà láyé. Bàbá ní ilé onífúláàtì mẹ́rin ní Àkóbọ̀, méjì ló fi háyà. Ká ní iye tí ẹni tó bá fẹ́ rà á máa san jẹ́ ₦75,000,000. Ní ₦1,500 sí dọ́là kan, $50,000 nìyẹn. Ibi tí FAFSA lè gbà lára ohun ìní òbí kò ju 5.64 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà ilé náà lè fi tó $2,820 kún ohun tí wọ́n rò pé ìdílé lè san lọ́dún kan. Kò kéré, kò sì dẹ́rù bani. Owó háyà náà wà níbẹ̀, owó tó wọlé ní 2024 sì ni wọ́n ń lò fún ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n fi ilé náà pamọ́, pé ta ló máa lọ wo Àkóbọ̀. Fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ni; irọ́ orí rẹ̀ ní ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn, bàbá àti ìyá sì ti buwọ́ lù ú.

Hopkins ń béèrè CSS Profile pẹ̀lú, fọ́ọ̀mù owó mìíràn tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń pín ìrànwọ́ tiwọn, $25 fún ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, $16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, ọ̀fẹ́ sì ni fún ìdílé tí owó wọn ò ju $100,000 lọ. Ó jinlẹ̀ ju FAFSA lọ, kódà ó máa ń béèrè nípa àpò ìfẹ̀yìntì. College Park ò béèrè rẹ̀, FAFSA ló tó wọn.

Nígbà tí ìyá tún ẹ̀rọ ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú owó bàbá àti ilé náà, iye ọ̀hún fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là gòkè. Ọmọ náà sì ní 1410 lọ́wọ́, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí Hopkins ń gbà ti lé ní 1500, Hopkins sì ti dá SAT àti ACT padà sí dandan fún àwọn tó ń wọlé ní 2026. Àwọn mìíràn bíi MIT, Dartmouth àti Harvard ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé College Park ṣì fi í sí ọwọ́ ọmọ bóyá ó fẹ́ fi ránṣẹ́.

Ìdájọ́ wa lórí rẹ̀ rèé. Àǹfààní Early Decision máa ń pọ̀ fún ọmọ tí máàkì rẹ̀ ti wọ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń wò, tí ìdílé rẹ̀ sì lè san iye tí ẹ̀rọ ìṣirò fi hàn láìní fi ti ibòmíràn wé e. Ọmọ yìí ò ní èkíní, ìdílé ò ní èkejì. Òfin gbà pé bí owó tí ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ò bá tó, wọ́n lè kọ̀. Ṣùgbọ́n àárín oṣù kejìlá lèsì máa ń dé. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn lórí owó nígbà Kérésìmesì, tí gbèdéke ibòmíràn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, kò ní àkókò kankan láti kọ àròkọ tuntun.

Nítorí náà wọ́n fi Early Decision sílẹ̀. College Park ni fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, Early Action. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tuntun tí Maryland ń gbà ti ń wá, ẹni tó bá sì kọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá pàdánù àǹfààní ìrànwọ́ àwọn tó mọ̀wé, bíi Banneker/Key. UMBC, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní Baltimore County, ni èkejì, Early Action náà. Hopkins di ti oṣù kìíní, láìsí ìlérí kankan. Bàbá gbóhùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé ṣé Hopkins tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyá fi iye méjèèjì ránṣẹ́ padà sí i.

Nípa UMBC, àwọn òbí sábà máa ń gbọ́ orúkọ Meyerhoff, ètò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, wọ́n á ní kí ọmọ kọ ọ́ torí pé ó fẹ́ di dókítà. Láti 1988 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ ṣe ìwádìí, tó fẹ́ gba PhD tàbí MD/PhD, ló wà fún. Ọmọ tó kọ sínú àròkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn nìkan ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ọmọ yìí ò kọ ọ́.

Oṣù kẹwàá ni ohun gbogbo ti há. SAT ọjọ́ 4: 700 àti 710, èyí tó sọ ọ́ di 1430 pẹ̀lú 730 oṣù kẹfà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí College Park. Àròkọ Common App, tí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, ti parí láti ìparí oṣù kẹjọ. Èyí tó fẹ́ dà wọ́n láàmú ni ìwé kánsẹ́lọ̀. Ilé-ìwé ti fi ọjọ́ tirẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, nítorí kánsẹ́lọ̀ kan ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ ọmọ, ìyá sì rò pé ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni gbogbo wọn. Ọjọ́ méjì péré ló kù nígbà tí ọmọ rántí. Àwọn olùkọ́ méjì tó máa kọ lẹ́tà fún un ti mọ̀ láti oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó lọ ìsinmi, ìyẹn ló gbà wọ́n là. Nínú Common App, ó fagi lé ẹ̀tọ́ láti ka lẹ́tà àwọn olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ; ọmọ tí kò bá fagi lé e ń mú kí olùkọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ohun tó tọ́.

Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ọjọ́ 28, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Gbèdéke Common App jẹ́ aago 11:59 alẹ́ ní ibi tí ọmọ ń gbé, àwọn kan sì ń dúró dè é. Owó fọ́ọ̀mù College Park jẹ́ $75, orí káàdì ìyá ló sì ti kọ́kọ́ kùnà lẹ́ẹ̀kan kó tó gbà.

College Park gbà á lóṣù kìíní. UMBC gbà á, pẹ̀lú owó díẹ̀ lọ́dún. Hopkins kọ̀ ọ́ lóṣù kẹta. Owó ilé-ẹ̀kọ́ College Park fún ọmọ ìpínlẹ̀ ń lọ bíi $12,000 lọ́dún, yàtọ̀ sí ibi sísùn àti oúnjẹ. Wọ́n to lẹ́tà ìrànwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n yọ ẹ̀yáwó kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi wé ara wọn, nítorí àwọn lẹ́tà yẹn máa ń ka ẹ̀yáwó mọ́ ẹ̀bùn, wọ́n sì san owó ìdúró ní College Park kó tó di ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹsàn-án. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, FAFSA ò tún ń pín ohun tí ìdílé lè san sí méjì mọ́ bí ọmọ méjì bá wà ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo CSS Profile ṣì lè wò ó. Ọdún kan ni àwọn méjèèjì máa fi wà níbẹ̀ pọ̀, ìyá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi owó sílẹ̀ fún un.